Ọlọ́pàá tó purọ́ mọ́ yín ní California: bí ẹ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí

Tí ọlọ́pàá bá purọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, nǹkan méjì la máa ń ṣe: ká san owó ìtanràn ká máa bá tiwa lọ, tàbí ká fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ọlọ́pàá ti dá dúró rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò ní tètè gbà pé ìwé kan tí òun fọwọ́ ara òun kọ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n láti January 2023, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ní ibi tó lè dé ní California. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ibi tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí àti ohun tó máa ń jẹ́ kó já sófo ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìdí tó fi jẹ́ ìwé-ẹ̀rí la ó lépa

Àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ ká fi tiwọn ṣàpẹẹrẹ. Ọsibítù lè lé nọ́ọ̀sì lónìí, kó rí iṣẹ́ ní ọsibítù mìíràn lọ́la. Àmọ́ tí ìgbìmọ̀ tó fún un ní láísẹ́ǹsì bá gbà á padà, kò sí ọsibítù tó tún lè gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọlọ́pàá. Àjọ tó ń fún ọlọ́pàá ní ìwé-ẹ̀rí ní California ni wọ́n ń pè ní POST. Ẹni tí POST bá gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò lè ṣe ọlọ́pàá mọ́ níbikíbi ní ìpínlẹ̀ náà, ì báà jẹ́ Los Angeles, ì báà jẹ́ ìlú kékeré tí ọlọ́pàá rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ.

Kí òfin yìí tó dé, California wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́rin péré tí kò lágbára láti gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní April 2018, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Kenneth Ross Jr., ọmọ ọdún 25, ní Gardena. Ibòmíràn ni ọlọ́pàá náà ti ṣiṣẹ́ kó tó dé Gardena, ó sì ti yìnbọn lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ náà rí. Ìyá Ross àti àwọn ẹbí mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kò gbẹ́nu dákẹ́. Òfin tó ti inú ìjà wọn jáde ni SB 2, tí Gómìnà Newsom fọwọ́ sí ní Gardena gan-an ní September 30, 2021. Orúkọ Ross ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀ràn Tamir Rice ní Ohio kí ẹ lè rí bí irọ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 12 ni, ìbọn ìṣeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Timothy Loehmann yìnbọn pa á ní Cleveland ní November 2014. Ilé-ẹjọ́ kò fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà. Nígbà tí Cleveland máa lé e níṣẹ́ ní 2017, kì í ṣe nítorí ìbọn tó yìn. Nítorí pé kò sọ òótọ́ nínú fọ́ọ̀mù tó fi wáṣẹ́ ni: iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ti kọ́kọ́ ṣe ní ìlú kan tó ń jẹ́ Independence kò lọ dáadáa, kò sì sọ bó ṣe rí fún Cleveland. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ìlú kékeré mìíràn ní Ohio tún gbà á ní 2018, òmíràn ní Pennsylvania tún fẹ́ gbà á ní 2022. Àwọn ará ìlú ló pariwo kó tó yẹra. Ìlú kan lé e, ìlú mìíràn nawọ́ sí i. Ohun tí gbígba ìwé-ẹ̀rí wà láti dí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú irọ́ tí òfin ń wí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń kú. Ọlọ́pàá tó jágbe mọ́ yín, tó fojú tín-ín-rín yín, tó fi ohùn yín ṣẹ̀sín, ìwà burúkú ni, ẹ sì lè fẹ̀sùn rẹ̀ kan án ní àgọ́ rẹ̀, àmọ́ kò tíì di irọ́ tí SB 2 ń sọ. Irọ́ tí òfin náà dárúkọ ni èyí tó wọ inú bí wọ́n ṣe ṣe ìjábọ̀ ìwà ọ̀daràn, bí wọ́n ṣe wádìí rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe rojọ́ rẹ̀. Ó tún kan irọ́ tí ọlọ́pàá pa nígbà tí wọ́n ń wádìí ìwà ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí òfin kà sílẹ̀ ni: kí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìjábọ̀ èké, kí ó sọ̀rọ̀ èké, kí ó búra èké nílé-ẹjọ́, kí ó yí ẹ̀rí padà, kí ó fi pamọ́ tàbí kí ó bà á jẹ́, kí ó fọwọ́ kan ohun tí kámẹ́rà àyà rẹ̀ gbà kí àṣìṣe rẹ̀ má bàa hàn. Mímọ̀ọ́mọ̀ mú ẹni tí kò ṣẹ̀ àti mímọ̀ọ́mọ̀ gba ìjẹ́wọ́ èké lẹ́nu ẹni wà nínú òfin kan náà, lábẹ́ àṣìlò agbára.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀ ni "mọ̀ọ́mọ̀". Tí ọlọ́pàá bá kọ ọ́ pé Toyota yín dúdú, tó sì jẹ́ aláwọ̀ aró, àṣìṣe nìyẹn. Tó bá kọ ọ́ pé ẹ gbá òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tí fídíò sì fi hàn pé ọwọ́ yín wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwa tó wá láti ilé lẹ́nu. Òfin Amẹ́ríkà gba ọlọ́pàá láyè láti purọ́ fún àgbàlagbà tó ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó lè sọ pé "ọ̀rẹ́ rẹ ti jẹ́wọ́" nígbà tí ọ̀rẹ́ kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i ní 1969, nínú ẹjọ́ Frazier àti Cupp. California ti fòfin dè é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti July 2024, àmọ́ fún àgbàlagbà, ẹ má wulẹ̀ fi ìyẹn nìkan kọ ẹ̀sùn sí POST. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà fi ń pariwo pé kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́yà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú yín.

Ẹ tún wò ó bóyá ọlọ́pàá náà wà lábẹ́ POST. Ọlọ́pàá ìlú, dẹ́pútì sheriff àti ọlọ́pàá ojú ọ̀nà CHP wà lábẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi ICE tàbí FBI kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: tí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn yín, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí

Tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn yín, ẹ má kọ ohunkóhun ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí lọ́yà yín tó kà á. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, agbẹjọ́rò ìjọba lè gbé e jáde lòdì sí yín. Ẹ má gbé e sí Facebook, ẹ má sì fi ohùn ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń gbóná nínú, mo sì mọ̀ pé àwọn ará ilé fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n dúró díẹ̀.

Tí owó lọ́yà kò bá sí, ilé-ẹjọ́ máa yan lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé ọlọ́pàá yẹn ń purọ́, kí ẹ sì sọ ibi tí irọ́ náà wà. Ó ní ohun tí ẹ kò ní. Láti ọdún 1963, nínú ẹjọ́ Brady àti Maryland, agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun tó lè gba olùjẹ́jọ́ là hàn án, ìtàn irọ́ ọlọ́pàá sì wà lára rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kan máa ń ní àkójọ orúkọ ọlọ́pàá tí wọn kò fẹ́ gbé wá jẹ́rìí mọ́ nítorí èyí. Lọ́yà yín lè béèrè bóyá orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà wà níbẹ̀.

Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá tíì pé náà gbọ́dọ̀ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ó tó fi orúkọ sí ìwé kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó ẹ̀rí jọ kó tó pòórá

Lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ jókòó kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kì í ṣe bó ṣe dùn yín tó. Ibo ni? Aago mélòó? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni ọlọ́pàá sọ, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀? Láti January 2024, ọlọ́pàá tó bá dá mọ́tò dúró ní California gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ kọ ìdí tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, torí ìdí tó máa kọ sínú ìjábọ̀ lè yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì níye lórí.

Orúkọ rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára aṣọ tàbí báàjì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò ọlọ́pàá. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àgọ́ fún ọ̀rọ̀ yín. Òun ni wọ́n á máa fi wá fáìlì.

Fóònù ń kọ́? Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fídíò ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbangba, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá dí i lọ́wọ́. California kọ ọ́ sínú òfin ní 2015 pé yíya fídíò nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí láti mú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ jìnnà díẹ̀, ẹ má sì sáré ki ọwọ́ bọ àpò láti mú fóònù jáde. Ní North Charleston, South Carolina, ní April 2015, ọlọ́pàá tó yìnbọn pa Walter Scott sọ pé ó gba Taser òun, ìyẹn ìbọn iná mànàmáná, ni. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ti ya gbogbo rẹ̀: Scott ń sá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sí ọlọ́pàá náà. Láìsí fóònù yẹn, ìtàn ọlọ́pàá nìkan ni ì bá kù.

Fídíò tí ẹ bá yà, ẹ má gé e, ẹ má fi orin sí i, ẹ má kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pa mọ́ bó ṣe wà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́. Tí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ gbé fóònù wá kí òun "wò ó", ẹ ní kí ó bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀.

Kámẹ́rà ilé ìtajà àti ti ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò ló ń yára sọnù jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa ti àná rẹ́ láti gba ti òní. Ẹ lọ bá onílé tàbí onísọ́ọ̀bù kíákíá, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ti wákàtí yẹn pa mọ́ kódà tí kò bá fẹ́ fún yín lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí àgọ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n tọ́jú ohun tí kámẹ́rà àyà, kámẹ́rà mọ́tò àti tẹlifóònù 911 gbà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má pa á rẹ́. Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì ní ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gba ìjábọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀

Tí ẹ kò bá ní sùúrù fún ìgbésẹ̀ mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ ní sùúrù fún èyí.

Ohun tí ẹ ó fi mú ọlọ́pàá ni ohun tó kọ. Irọ́ tó pa létí yín lójú pópó lè di "mi ò sọ bẹ́ẹ̀", ṣùgbọ́n èyí tó kọ, tó fọwọ́ sí, ti di tirẹ̀. Ẹ béèrè ìjábọ̀ náà ní àgọ́, tàbí kí lọ́yà yín gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ mú abala ìwé, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ojú ìwé tó wà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rí fi hàn, àti ibi tó wà nínú ẹ̀rí náà. Ẹ ṣe é báyìí:

Òsì: "Ọkùnrin náà kọ̀ láti jáde nínú mọ́tò lẹ́yìn tí mo pàṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ojú ìwé 2.
Ọ̀tún: Nínú fídíò mi, láti ìṣẹ́jú 1:05 sí 1:20, àṣẹ kan ṣoṣo ló pa. Ní 1:12 ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹsẹ̀ mi ti wà nílẹ̀.

Òsì: "Mo rí i tó ju ọ̀rá kékeré kan sílẹ̀." Ojú ìwé 3.
Ọ̀tún: Nínú fídíò ilé ìtajà, ẹ̀yìn mọ́tò ni ọlọ́pàá náà dúró sí títí wọ́n fi fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Kò lè rí ọwọ́ mi láti ibẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí "òpùrọ́ ni" níbẹ̀? Kò sí èébú, kò sí ẹkún. Ẹni tó bá ń kà á ló máa dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ fiyè sí bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ̀wé. "Mo rò pé", "ó dà bíi pé", "ẹ̀rù bà mí pé", irú gbólóhùn wọ̀nyí ṣòro láti mú, torí ta ló lè sọ pé ẹ̀rù kò bà á? "Mo rí", "ó sọ", "ó nà mí" ni kí ẹ lépa. Tí ọlọ́pàá mẹ́ta bá kọ ìjábọ̀ mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá gbólóhùn kan náà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan àṣìkọ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ń jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Àgọ́ ní àkọsílẹ̀ aago tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan débẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ọ̀ràn Laquan McDonald ní Chicago fi hàn bí iṣẹ́ yìí ṣe lágbára tó. Ní October 2014, ọlọ́pàá yìnbọn fún ọmọ ọdún 17 náà nígbà mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi ọ̀bẹ halẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó lé ní ọdún kan kí fídíò tó jáde ní November 2015, gbogbo ayé sì rí i pé ńṣe ló ń rìn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rí ẹni tó yìnbọn jẹ̀bi ìpànìyàn ní 2018. Wọ́n gbé mẹ́ta nínú àwọn ọlọ́pàá lọ sílé-ẹjọ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Adájọ́ dá wọn sílẹ̀ ní January 2019. Ní July ọdún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọlọ́pàá Chicago lé mẹ́rin mìíràn níṣẹ́ nítorí ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n kọ. Ẹ wo bí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn kò ṣe rí ẹnikẹ́ni mú lórí bíbo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, tí irọ́ sì mú àwọn mẹ́rin yìí níbòmíràn. Ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ń fẹ́ ju èyí tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ń fẹ́ lọ. Nítorí náà, tí agbẹjọ́rò ìjọba bá ní òun kò ní pe ọlọ́pàá yín lẹ́jọ́, kò tíì tán.

Tí ẹ bá parí tító wọn, ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lágbára jù, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ogún ẹ̀sùn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ́ kí olùwádìí rí ọ̀kan tó rọ̀, kó fi ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ nù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn

Kó má ju ojú ìwé méjì lọ, kí ẹ so abala tí ẹ tò mọ́ ọn lẹ́yìn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó sọ gbogbo rẹ̀: "Mò ń fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá báyìí-báyìí, nọ́ńbà báyìí, ti àgọ́ báyìí, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ èké sínú ìjábọ̀ tó ṣe ní ọjọ́ báyìí." Ẹ lo ọ̀rọ̀ òfin: ìjábọ̀ èké, ẹ̀rí tó fi pamọ́, kámẹ́rà tó pa. Tí ẹ bá kọ "ó hùwà àìdáa sí mi", wọ́n á tò ó mọ́ ẹ̀sùn àìmọ̀wàáhù, kò sì ní dé ibi tí ẹ fẹ́.

Ẹ sọ ohun tí irọ́ náà fà: ọjọ́ mélòó ni ẹ lò ní àhámọ́, iṣẹ́ wo ló bọ́, ẹjọ́ wo ni wọ́n tú ká. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí tó bá gbà pé kí ẹ kọ òun. Tí òyìnbó yín kò bá já gaara, kí ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ bá yín kọ ọ́, àmọ́ kí ó má fi ohun tí ẹ kò sọ kún un. Ẹ má fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fẹ̀sùn irọ́ kan èèyàn, tí wọ́n wá bá irọ́ lẹ́nu tirẹ̀, ó ti tán fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi méjì ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí

Ẹ fi ọ̀kan sí àgọ́ tí ọlọ́pàá náà ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àgọ́ ní California ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí POST. Fọ́ọ̀mù wà lórí ìkànnì wọn. Àwọn ìlú kan tún ní ọ́fíìsì tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá: San Francisco ní Department of Police Accountability, Oakland ní Community Police Review Agency. Tí ọ̀rọ̀ yín bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún àwọn náà ní ẹ̀dà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé POST ló máa rán olùwádìí jáde lọ́la. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wádìí, POST á wá yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì lágbára láti wádìí sí i tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ lè ní ṣé ọlọ́pàá á wádìí ọlọ́pàá ni. Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdí tí ẹ fi ń kọ̀wé sí ibi méjì nìyẹn. Àgọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún POST láàárín ọjọ́ 10 tí irú ẹ̀sùn yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí POST bá ti ní ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́, tí àgọ́ kò sì sọ nǹkan kan, àgọ́ ló ní àlàyé láti ṣe.

Ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi fọwọ́ sí i pé ó dé. Tí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tó fi nọ́ńbà ẹ̀sùn hàn.

Owó gba-má-bínú kò sí nínú gbogbo èyí. Tí ẹ bá fẹ́ owó lọ́wọ́ ìlú, ìwé ọ̀tọ̀ ni, oṣù mẹ́fà péré sì ni òfin California fún yín láti fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Mo ti rí àwọn èèyàn tó jókòó ti ẹ̀sùn títí oṣù mẹ́fà fi kọjá lórí wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, àti bó ṣe ń pẹ́ tó

Olùwádìí àgọ́ lè pè yín. Ẹ lọ pẹ̀lú lọ́yà tàbí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, ẹ mú abala yín dání, kí ẹ má sọ ju ohun tí ẹ kọ lọ. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò rántí, "mi ò rántí" ni ìdáhùn.

Nígbà tí wọ́n bá parí, àgọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín láàárín ọjọ́ 30 láti sọ ibi tó já sí. Tí wọ́n bá ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó, ẹ kọ̀wé sí POST pẹ̀lú nọ́ńbà yín, kí ẹ tọ́ka sí gbólóhùn tí àgọ́ fò kọjá. Tí ọlọ́pàá bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ ń gbóná, tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òfin ní kí àgọ́ parí ìwádìí náà bó tilẹ̀ ti lọ. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbà yọ nìyẹn.

Tí POST bá rí ọ̀ràn nínú rẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí ọlọ́pàá náà, yóò sì ní ọjọ́ 30 láti sọ pé òun kò gbà. Àwa Yorùbá ló ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti ọlọ́pàá náà gbọ́dọ̀ di gbígbọ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kan á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, òfin sì ní kí wọ́n fojú rere wo àwọn tí ọlọ́pàá ti ṣe léṣe rí tàbí ẹbí wọn nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ará ìlú síbẹ̀. Ẹ̀rí tó hàn kedere ni wọ́n ń fẹ́, èyí tó ju àfọ̀rọ̀-wé-ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn wọn ni àjọ POST fúnra rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, adájọ́ tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ ìjọba ṣì lè gbọ́ ọ. Àgọ́ sábà máa ń ní ọdún kan fún tirẹ̀, POST sì lè lò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí fáìlì bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi àárẹ̀ ọkàn sí i. Ẹ fi déètì sí kàlẹ́ńdà, kí ẹ máa béèrè ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ wo ẹ̀yìn ọlọ́pàá náà. Láti January 2019, ìwé àgọ́ lórí ọlọ́pàá tí wọ́n ti rí jẹ̀bi irọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe àṣírí mọ́ ní California. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè rẹ̀, àgọ́ sì ní ọjọ́ 45 láti gbé e sílẹ̀, àyàfi tí ìdí kan bá wà nínú òfin tó fi gbọ́dọ̀ pẹ́. POST náà ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n ti dá ìwé-ẹ̀rí wọn dúró tàbí gbà á jáde sórí ìkànnì rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó ti kọ irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíràn rí, ẹ fi kún fáìlì yín.

Tí kì í bá ṣe California

Orúkọ àjọ ló ń yàtọ̀. Massachusetts dá POST tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 2020, ó sì ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ará ìlú. Illinois fi irọ́ àti ìfọwọ́kàn kámẹ́rà kún ìdí tí wọ́n lè fi gba ìwé-ẹ̀rí nínú òfin SAFE-T tó jáde ní 2021. Ní Maryland, níbi tí àwa pọ̀ sí ní Prince George's, káúńtì kọ̀ọ̀kan ní Police Accountability Board tí ẹ lè gbé ẹ̀sùn lọ bá. Ní Texas, ẹ rántí pé òfin ní kí ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá wà ní kíkọ, kí ẹni tó fẹ̀sùn sì fọwọ́ sí i. Ìpè tẹlifóònù kò tó.

Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ ń pín orúkọ àwọn tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn nínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní National Decertification Index, kí ìpínlẹ̀ mìíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọlọ́pàá yín ti kó lọ sí Nevada tàbí Arizona nígbà tí ẹ̀sùn yín ṣì wà nílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìpínlẹ̀ yẹn, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀sùn yín ní California. Tí ẹ̀yin náà bá sì kó ilé tàbí pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ẹ sọ fún àgọ́ àti POST lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí wọ́n lè ti fáìlì tí wọn kò bá rí ẹni tó fẹ̀sùn bá sọ̀rọ̀ mọ́.